Àtọ̀gbẹ àti owó VA: ẹ̀yin tó ti ṣe ológun Amẹ́ríkà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Dallas

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Mo kí àgbà, mo kí ọmọdé. Ó ti tó oṣù kan tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra, ó ti sú mi.

Mo wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ní 2010 nínú ètò MAVNI, èyí tí wọ́n fi ń gba àwọn àjèjì tó gbọ́ èdè tí ìjọba ń wá. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà, òun ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo dé Afghanistan, mo padà láyọ̀, mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 2016. Nígbà tó di 2021, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ mí bí ẹni tó la iyọ̀ sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mò ń dìde tọ̀ lóru. Ìyàwó mi ló fipá mú mi lọ sí ọsibítù. A1c mi, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi bí ṣúgà ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta hàn, jẹ́ 9.4. Àtọ̀gbẹ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lo metformin láàárọ̀ àti lálẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo fúnra mi kọ̀wé sí VA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn ajagunfẹ̀yìntì, pé kí wọ́n fún mi ní owó àìlera. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èéfín pàǹtí tí wọ́n ń dáná sun lójoojúmọ́ níbi tí a wà ní Afghanistan ló fà á, torí mo gbọ́ pé òfin PACT ti ro tiwa mọ́ ọn. Lẹ́tà dé: wọn ò gbà. Wọ́n ní kò sí ohun tó so àìsàn mi mọ́ iṣẹ́ ológun. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ tí mo kà á. Ṣé ó parí síbẹ̀ náà nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́, Maryland

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ ò tíì tán rárá. Déètì tó wà lórí lẹ́tà yẹn ni kó o kọ́kọ́ wò. Ọdún kan gbáko lo ní láti ọjọ́ náà. Tó o bá gbé ìgbésẹ̀ kí ọdún náà tó pé, tí wọ́n sì wá gbà fún ọ, ọjọ́ tó o kọ́kọ́ béèrè ni wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó rẹ. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, o ṣì lè béèrè, ṣùgbọ́n owó àwọn oṣù tó ti lọ ti wọ omi.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti yẹ̀ ni ti èéfín yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣì í, ọkọ mi pàápàá ṣì í. Òfin PACT tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 2022 gba àwọn tó fa èéfín pàǹtí sínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìsàn èémí àti oríṣiríṣi jẹjẹrẹ ló kọ sílẹ̀ fún wọn. Àtọ̀gbẹ ò sí níbẹ̀. Abẹ́ Agent Orange ni àtọ̀gbẹ oríṣi kejì wà, láti 2001 ló sì ti wà níbẹ̀. Agent Orange ni oògùn apagbó tí wọ́n ń fọ́n láti inú bàálù sórí igbó Vietnam kí ewé lè wọ́ dànù, kí ọ̀tá má baà ríbi sá pamọ́ sí. Ẹni tó bá wà níbi tí òfin dárúkọ, lákòókò tí òfin dárúkọ, kò nílò láti ṣàlàyé ohun tó fa àtọ̀gbẹ rẹ̀. Afghanistan ò sí lára ibẹ̀, torí náà ìwọ gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀nà náà nìyí. Béèrè fún gbogbo fáìlì ìlera rẹ láti ọjọ́ tó o wọṣẹ́ títí dọjọ́ tó o jáde. Gbogbo ojúewé ni mo wí o. Jókòó tì í, kó o wá ibi tí èsì ẹ̀jẹ̀ wà. Bí ṣúgà àárọ̀ kó o tó jẹun bá jẹ́ 126 sókè, tàbí tí A1c jẹ́ 6.5 sókè, o ti wọ ààlà àtọ̀gbẹ nìyẹn, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ pè é lórúkọ fún ọ lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ 5.7 sí 6.4, VA kì í sanwó lórí ìyẹn nìkan, ṣùgbọ́n dókítà lè tọ ipa rẹ̀ dé ibi tó o wà lónìí. Wo ọdún kan tó tẹ̀ lé ìgbà tó o jáde náà dáadáa. Àtọ̀gbẹ wà lára àwọn àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí òfin sọ pé tó bá fara hàn débi tó tó 10%, ìdá tí VA fi ń wọn bí àìsàn ṣe le tó, láàárín ọdún kan tí èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ ológun ni wọ́n máa kà á sí.

Àti pé, ṣé o ní àìsàn kankan tí VA ti gbà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń fún ọ ní prednisone tàbí irú rẹ̀ fún? Oògùn yẹn máa ń gbé ṣúgà sókè gan-an. Mo rí i lójoojúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́ mi. Ìyẹn náà ń mú àtọ̀gbẹ wọlé gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó tinú òmíràn wá.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Dallas

Ẹ ṣé gan-an, mà. Mi ò lo prednisone rí. Ṣùgbọ́n ẹ rán mi létí nǹkan kan. Ní 2015, kí n tó jáde, ẹnì kan ní kílíníìkì bárékè sọ fún mi pé kí n dín mínírà kù. Mo rò pé ọ̀rọ̀ sísanra ló ń bá mi sọ. Mo ti kọ̀wé béèrè fáìlì náà lálẹ́ yìí.

Ṣọ́jà Ìjẹ̀ṣà

Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Àbúrò, ohun tí màá sọ fún ọ yìí, kì í ṣe ti fáìlì. Ti ẹnu ni.

Èmi, wọ́n ti gbà fún mi pé iṣẹ́ ológun ló fà á, torí ẹnu iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ti rí i lára mi. Ìyà tó jẹ mí, ọjọ́ àyẹ̀wò C&P ló ti ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ní kí n wá kí dókítà wọn wo bí àìsàn náà ṣe le tó. 2019 ni. Obìnrin kan ló wò mí. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní báwo ni ara mi ṣe rí lónìí. Kí ni ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé ń dáhùn? Mo ní ara le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní ṣé ṣúgà mi máa ń já wálẹ̀? Mo ní Ọlọ́run ń ṣọ́ mi. Ó ní ṣé mo ṣì ń ṣe gbogbo nǹkan tí mò ń ṣe tẹ́lẹ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mò ń gbìyànjú. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí mo fi jáde.

Ẹ gbọ́ mi o. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, aago mẹ́ta òru, mo jí, aṣọ ibùsùn tutù rin fún òógùn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mi ò lè tan iná. Ìyàwó mi gbé ẹ̀rọ wá, ó gún mi níka, 48 ló gbé jáde. Ó po ṣúgà mọ́ omi nínú kọ́ọ̀bù ọmọ wa, ó gbé e sí mi lẹ́nu, ó sì mú ọwọ́ mi dání títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìgbà kejì lóṣù náà nìyẹn. Mi ò sọ ọ̀kankan nínú ẹ̀ fún obìnrin yẹn. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ fún àlejò.

Ohun tó kọ sínú ìwé: ṣúgà kì í já wálẹ̀, kò sí ohun tí kò lè ṣe. 20%.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, torí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún èmi. Tó bá jẹ́ pé oúnjẹ nìkan lo fi ń ṣàkóso rẹ̀, 10%. Tó o bá ń lo oògùn oníhóró tàbí tó o ń gún abẹ́rẹ́ insulin, tó o sì ń ṣọ́ oúnjẹ, 20%. Kó o tó dé 40%, o gbọ́dọ̀ ní mẹ́ta pọ̀: insulin, ṣíṣọ́ oúnjẹ, àti ohun tí ìwé wọn pè ní "regulation of activities". Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé dókítà ti ní kó o yẹra fún iṣẹ́ agbára àti eré ìdárayá tó le, torí pé àtọ̀gbẹ rẹ ò gbà á. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta bá yẹ̀, ibi 20% lo wà. 60% àti 100% wà fún àwọn tí ṣúgà ń gbé dé ọsibítù léraléra tàbí tí wọ́n ń rí dókítà àtọ̀gbẹ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ara wọn sì ti ń bàjẹ́.

Èmi ń gún insulin, mo sì ń ṣọ́ oúnjẹ. Dókítà mi ti sọ fún mi lẹ́nu pé kí n fi iṣẹ́ ẹrù gbígbé sílẹ̀ ní ilé-ìkẹ́rù tí mo wà. Ẹnu ló fi sọ ọ́, kò kọ ọ́. Ilé ẹjọ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì ti dájọ́ lórí ẹ̀ ní 2007, nínú ẹjọ́ Camacho, pé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ oníṣègùn wá. Mo padà lọ bá dókítà mi, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ sọ fún mi lọ́jọ́sí, ṣé ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀? Ó wo fáìlì, ó rí àwọn ìgbà tí ṣúgà já wálẹ̀, ó kọ ọ́. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni 40% dé.

Aṣojú Houston

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ó tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń bá àwọn ajagunfẹ̀yìntì kọ ìwé wọn. VA fún mi láṣẹ, mi ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí Ṣọ́jà Ìjẹ̀ṣà sọ yẹn, mo ti rí i lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa ju bí mo ṣe lè kà lọ. Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó ń ka àìsàn rẹ̀ síta ń pe òmíràn. Nínú yàrá yẹn, ohun tó ò bá sọ kò ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe pé kó o parọ́, kì í ṣe pé kó o fi kún un. Ọjọ́ tó burú ni kó o ròyìn bó ṣe burú tó, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ àti iye tí ẹ̀rọ gbé jáde.

Ẹ ní ìwé pélébé kan. Ẹ máa kọ ṣúgà yín sínú rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ kọ ohun tí ẹ kò lè ṣe lọ́jọ́ náà. Kí ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́ tó ń rí yín kọ tiẹ̀ sí Fọ́ọ̀mù 21-10210, èyí tó wà fún ẹlẹ́rìí. Ìyàwó Ṣọ́jà Ìjẹ̀ṣà tó po omi ṣúgà lóru, ẹlẹ́rìí gidi nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lórí àgbo, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi. Ẹnì kan wá sọ́dọ̀ mi tó sọ fún dókítà C&P pé òun ò lo oògùn òyìnbó mọ́, àgbo tí màmá òun fi ránṣẹ́ láti ilé lòun ń mu. Dókítà kọ ọ́ pé oúnjẹ nìkan ló ń fi ṣàkóso rẹ̀. Wọ́n já a sí 10%. Ohun tó dùn mí jù ni pé A1c rẹ̀ ti gòkè dé 11 nígbà náà. Ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà yín mọ̀ sí i.

Àbúrò Dallas, ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún ẹni tí wọ́n kọ̀ fún. Tó o bá rí ẹ̀rí tuntun, Fọ́ọ̀mù 20-0995. Tí kò bá sí ẹ̀rí tuntun, àmọ́ tó o gbà pé wọ́n ṣì í kà, Fọ́ọ̀mù 20-0996, ọ̀gá tó ju ẹni tó kọ̀ ọ́ lọ á tún un wò. Tó o bá fẹ́ adájọ́, Fọ́ọ̀mù 10182. Fún ìwọ, ti àkọ́kọ́ ni, tí fáìlì bá ti dé. Má ṣe fi 20-0995 ránṣẹ́ lọ́wọ́ òfo o.

Bàbá Guam

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin ló fi ojúewé yìí hàn mí, ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀.

Mo ti pé ọdún 71. Ní 1977 ni mo wọ ológun òfurufú Amẹ́ríkà. Láti 1978 dé 1979, mo wà ní ibùdó ológun òfurufú Andersen, ní erékùṣù Guam, mò ń tọ́jú irinṣẹ́ bàálù. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ní àtọ̀gbẹ. Insulin ni mò ń gún báyìí.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ-ọmọ mi bu omi sínú abọ́ kí n fi wẹ ẹsẹ̀. Mo ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́, mo jókòó, à ń sọ̀rọ̀. Ọmọ náà wò mí, ó ní bàbá, èéfín ń jáde níbẹ̀ o. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo gbé ẹsẹ̀ jáde, awọ ti ń ṣí lórí ìka ńlá ọ̀tún, síbẹ̀ kò dùn mí. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù, pé kò dùn mí.

Mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ VA rí. Èmi rò pé àwọn tó jagun ní Vietnam ni Agent Orange wà fún. Àwa ò jagun kankan.

Aṣojú Houston

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ pẹ̀lẹ́ fún ti ẹsẹ̀ yín.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó ka èyí. Òfin PACT ti fi Guam kún un. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣiṣẹ́ ní Guam tàbí American Samoa, tàbí lórí omi tó yí wọn ká, láàárín ọjọ́ 9 oṣù kìíní 1962 sí ọjọ́ 31 oṣù keje 1980, wọ́n ti kà á sí ẹni tí Agent Orange kàn. Ẹ̀yin wà níbẹ̀ ní 1978 àti 1979. Wọn ò ní bi yín bóyá ẹ fọwọ́ kan oògùn náà, wọn ò sì ní bi yín bóyá ẹ yìnbọn. Ohun tí wọ́n máa béèrè ni ẹ̀rí pé ẹ wà níbẹ̀, àti ẹ̀rí pé ẹ ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì.

Fún àwọn mìíràn tó ń ka èyí: Thailand wà níbẹ̀ láti ọjọ́ 9 oṣù kìíní 1962 dé ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 1976. Agbègbè ààlà Kòríà méjèèjì náà wà níbẹ̀, láti oṣù kẹsàn-án 1967 dé òpin oṣù kẹjọ 1971. Laos àti apá kan Cambodia wà níbẹ̀ pẹ̀lú déètì tiwọn. Vietnam fúnra rẹ̀, ọjọ́ 9 oṣù kìíní 1962 sí ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún 1975, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi létí ibẹ̀ náà sì ti wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2020.

Bàbá, ẹ wo DD-214 yín, ìwé tí ológun fún yín nígbà tí ẹ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá dárúkọ Guam, ẹ má mikàn. Ẹ kọ Fọ́ọ̀mù SF-180 sí ibi tí wọ́n ń kó fáìlì ológun pa mọ́ sí ní St. Louis, ẹ béèrè gbogbo fáìlì iṣẹ́ yín. Ìwé tí wọ́n fi gbé yín lọ sí Andersen á wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, kí ọmọ yín bá yín fi Fọ́ọ̀mù 21-0966 ránṣẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè fúnra rẹ̀. Ó kàn ń sọ fún VA pé ẹ ń bọ̀, ó sì ń di ọjọ́ náà mú fún yín fún ọdún kan.

Ẹ má béèrè àtọ̀gbẹ nìkan. Ẹsẹ̀ tí kò mọ omi gbígbóná mọ́, ọ̀tún ní ìdíwọ̀n tirẹ̀, òsì ní tirẹ̀. Ojú, kíndìnrín, gbogbo ibi tí ṣúgà bá ti bàjẹ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru pàápàá ti wọ inú ìwé Agent Orange láti 2022. Ẹ foríjì mí, bàbá, ọ̀rọ̀ àárín lọ́kọláya náà wà níbẹ̀: bí àtọ̀gbẹ bá ti gba agbára ọkùnrin, VA ní owó kan lọ́tọ̀ tí wọ́n ń fi kún un lóṣooṣù. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín. Wọ́n ti gbọ́ ọ rí.

Bí wọ́n ṣe ń ro ó pọ̀, kì í ṣe bí a ṣe ń ro owó ọjà. Tí wọ́n bá fún èèyàn ní 20%, wọ́n ní ara rẹ̀ ku 80. Inú 80 yẹn ni wọ́n ti máa yọ 10% ẹsẹ̀ kan, inú ohun tó kù ni wọ́n ti máa yọ ti ẹsẹ̀ kejì. Wọ́n á fi díẹ̀ kún un torí pé ẹsẹ̀ méjèèjì ni, wọ́n á wá sún un sí ẹ̀wá tó sún mọ́ ọn. 20, 10 àti 10 máa ń já sí 40%. Ní 2025, 20% jẹ́ $346.95 lóṣù, 40% jẹ́ $774.16 fún ẹni tí kì í gbọ́ bùkátà ẹlòmíràn. Wọn kì í gba owó orí lórí ẹ̀. Láti 30% sókè, ìyàwó àti ọmọ ń fi kún un.

Ṣọ́jà Ìjẹ̀ṣà

Àti òbí! Ẹ má gbàgbé òbí. Màmá mi wà ní Iléṣà, èmi ló ń bọ́ wọn. Fọ́ọ̀mù 21P-509 ni mo fi kọ orúkọ wọn. VA fẹ́ mọ iye tó ń wọlé fún wọn, wọ́n sì fẹ́ rí i pé lóòótọ́ ni wọ́n gbójú lé mi. Torí náà mò ń tọ́jú gbogbo ìwé ẹ̀rí owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sílé.

Kíákíá_Owó

Mo lè bá yín ṣe é dé 100% láàárín oṣù mẹ́ta. Àfikún owó oṣù márùn-ún àkọ́kọ́ nìkan ni ẹ máa san fún mi. Ẹ fi nọ́ńbà SSN yín ránṣẹ́ sí mi.

Aṣojú Houston

Ẹ má fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí ẹni yìí. Òfin ò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbowó lórí ìbéèrè àkọ́kọ́, ìbáà jẹ́ lọ́yà. Lọ́yà tàbí aṣojú tó ní àṣẹ lè gbowó lẹ́yìn tí VA bá ti dájọ́, tí wọ́n wá ń pè é níjà. Ojúewé VA ní ibi tí ẹ ti lè wo orúkọ ẹnikẹ́ni bóyá ó ní àṣẹ. Orúkọ tèmi náà wà níbẹ̀, ẹ wò ó kí ẹ tó gbọ́ tèmi. Alábòójútó, ẹ jọ̀wọ́ ẹ yọ ẹni yẹn kúrò.

Ìyá Ìbejì, Atlanta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi náà yẹ̀ wò. Ọkọ mi jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ó wà ní Vietnam láti 1969 sí 1970. Ó ní àtọ̀gbẹ, ó ní àrùn ọkàn. Kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn rí, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn. Ó di olóògbé ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ìwé ikú kọ ọ́ pé àrùn ọkàn ló pa á, wọ́n kọ àtọ̀gbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé ó dá kún un. Mo gbà pé bó ṣe lọ náà ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ bá a lọ.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́, Maryland

Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ.

Kò bá a lọ o. Àtọ̀gbẹ oríṣi kejì àti àrùn ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi dé ọkàn dáadáa, àwọn méjèèjì ló wà nínú ìwé Agent Orange. Bí àìsàn tí iṣẹ́ ológun fà bá pa èèyàn, tàbí tó dá kún ikú rẹ̀ ní ti gidi, opó rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó tí wọ́n ń pè ní DIC, bí olóògbé ò tiẹ̀ béèrè nǹkan kan nígbà ayé rẹ̀. Ní 2025, $1,653.07 ni lóṣù. Fọ́ọ̀mù 21P-534EZ ni ẹ máa kọ. Ṣùgbọ́n ẹ ti lo oṣù mẹ́jọ, ẹ sáré! Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ kí ọdún kan tó pé sí ọjọ́ tó kú, inú oṣù tó kú gan-an ni owó ti máa bẹ̀rẹ̀. DD-214 rẹ̀, ìwé ìgbéyàwó yín, ìwé ikú: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ kó jọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ pè mí lórí fóònù bí ẹ bá fẹ́, a ó jọ kọ ọ́.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Dallas *(ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà)*

Fáìlì dé. Ojúewé 412. Mo jókòó sí tábìlì oúnjẹ láti aago mẹ́jọ alẹ́, ìyàwó mi ń ṣí tirẹ̀, mò ń ṣí tèmi. Òun ló rí i. Oṣù kẹsàn-án 2015: ṣúgà àárọ̀ 134. Oṣù kan lẹ́yìn náà: A1c 6.7. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹnì kan kọ ọ́ pé wọ́n ti bá ọmọ ológun náà sọ̀rọ̀ nípa mínírà. Kò sí oògùn, kò sí ìpàdé mìíràn, wọn ò pe orúkọ àìsàn. Fún ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé àtọ̀gbẹ rìn láìmọ̀.

Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́. Mi ò mọ èyí tí mo lè fi ṣáájú.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́, Maryland

O ò ṣe àṣìṣe kankan, àbúrò. Wọ́n yẹ kí wọ́n sọ fún ọ.

Gbé ojúewé méjèèjì lọ bá dókítà tó ń tọ́jú rẹ. Sọ fún un pé kó kọ lẹ́tà, kó fi hàn pé òun ti ka fáìlì ológun rẹ, kó dárúkọ èsì méjèèjì àti déètì wọn, kó ṣàlàyé ìdí tó fi gbà pé ibẹ̀ ni àtọ̀gbẹ ti bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn tí VA ń wá ni "at least as likely as not". Kò di dandan kó dá a lójú pátápátá, kó ṣáà ti jẹ́ pé ìwọ̀n méjèèjì dọ́gba ni, òfin ní kí wọ́n gbè sẹ́yìn rẹ. Lẹ́tà tó kàn sọ pé "ó ṣeé ṣe" láìsí ìdí, wọ́n á gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bàbá Guam

Ọmọ Houston, mo fẹ́ béèrè nǹkan. Ó wù mí kí n padà sí Abẹ́òkúta kí n lo ọjọ́ ayé mi tó kù níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbà fún mi, ṣé owó náà ò ní dúró?

Aṣojú Houston

Kò ní dúró, bàbá. Báǹkì yín ní Amẹ́ríkà níbí ni wọ́n á máa san án sí. Fún ìtọ́jú, ètò kan wà tó ń jẹ́ Foreign Medical Program. Ó ń san owó oògùn àti ọsibítù ní òkè òkun, ṣùgbọ́n fún àìsàn tí VA ti gbà pé iṣẹ́ ológun fà nìkan. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ béèrè ẹsẹ̀, ojú àti ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ mọ́ àtọ̀gbẹ. Ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì máa gba rìsíìtì tó kọ orúkọ àìsàn àti iye oògùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe àròpọ̀ nìkan.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Dallas *(oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà)*

Mo fi 20-0995 ránṣẹ́ pẹ̀lú ojúewé méjèèjì àti lẹ́tà dókítà. Wọ́n pè mí sí C&P, àná ni mo lọ.

Ọkùnrin kan ni. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní báwo ni ara mi lónìí. Ọ̀rọ̀ yẹn ti dé ẹnu mi, "ara le", mo gbé e mì. Mo ní, sà, òru àná mo dìde lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń jó mi bí ẹni tó tẹ iná láti bí oṣù mẹ́ta, mi ò sì lè wọ bàtà iṣẹ́ mi ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ó gbé ojú kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ó fi okùn tín-ínrín kan kàn mí lẹ́sẹ̀, níbí, níbí, ó ní kí n di ojú kí n máa sọ ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ibi méjì wà lẹ́sẹ̀ òsì tí mi ò mọ̀ ọ́n rárá. Ó béèrè ìwé tí mò ń kọ ṣúgà sí, ó ya àwòrán ojúewé mẹ́fà nínú rẹ̀.

Wákàtí kan ó lé ni mo lò níbẹ̀. Èsì ò tíì dé.

Bàbá Guam

O ṣe é dáadáa, ọmọ mi. St. Louis ti fèsì fún èmi náà. Ìwé tí wọ́n fi gbé mi lọ sí Andersen wà nínú rẹ̀, oṣù karùn-ún 1978, orúkọ mi wà lórí rẹ̀ ní ìlà kẹta, wọ́n ṣi í kọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n nọ́ńbà mi ni. Ọmọ mi ti fi ránṣẹ́ sí Houston láàárọ̀ yìí.